Ẹ Bi Wá Wò: Ta Ló Pe Òṣèré Yẹn Síbẹ̀?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé ní Kogi níbí. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, mo kàn ju gbólóhùn kan sílẹ̀ níparí ọ̀rọ̀ mi, mo ní kí ẹ yéé mú fíìmù torí ojú tó wà lára páálí nìkan, kí ẹ máa bèèrè pé ta ló darí ẹ̀, àfi bíi pé mo fẹsẹ̀ kó ilé agbọ́n. Ìbéèrè dé láti Ẹ̀gbẹ̀, ó dé láti Ìsánlú, ẹnì kan tiẹ̀ ká mi mọ́ ọjà Kàbbà níbi tí mo ti ń nájà iṣu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí látijọ́ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mo ní, ibẹ̀ lorúkọ Bàbá Fídíò ti lẹ̀ mọ́ mi, torí náà ohunkóhun tí mo bá sọ níbí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ti fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ fídíò títí ìka ẹ̀ fi bó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Fídíò, ẹ kú iṣẹ́. Ojú òṣèré ni mo rí, ohùn òṣèré ni mo gbọ́, òṣèré ló sunkún tí èmi náà fi fi etí gèlè nu ojú. Kí ló wá kàn mí kan ẹni tó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà? (Ìyá oníṣòwò, Ẹ̀gbẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ò purọ́, òṣèré ló lẹkún. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ta ló ní kí wọ́n má tíì pa kámẹ́rà nígbà tó sunkún tán, tó kàn jókòó tó ń wolẹ̀? Ta ló ní kí orin má wọlé níbẹ̀? Ta ló wo ogún èèyàn tó fi nàka sí ẹyọ ẹnì kan pé ìwọ ni mo fẹ́? Ẹni yẹn ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mú Saworoide tó jáde ní 1999, ṣebí kò sílé tí wọn ò ti wò ó. Tunde Kelani ló darí ẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i, Abẹ́òkúta ló dàgbà sí lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà ẹ̀, kámẹ́rà ló sì ń gbé fáwọn ẹlòmíì kó tó dá Mainframe tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó mọ ojú wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Isola kọ ìtàn fún un, ìtàn ọba tó kọ̀ láti ṣe ètùtù tó máa so òun àtìlú pọ̀ torí kó lè rí owó kó. Ta ni Kelani wá fi ṣe ọba yẹn? Kola Oyewo, ẹni tí orí ìtàgé tọ́ dàgbà. Ẹ lè rí i lójú Lápitẹ́ pé adé ń wúwo fún un, ó ń halẹ̀ mọ́ ìlú, ẹ̀rù sì ń bà á lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi jù ni Ọ̀pálábà, àgbàlagbà kan nínú fíìmù náà. Adebayo Faleti ni wọ́n fi ṣe é, akéwì, òǹkọ̀wé, ẹni tó ti lo ọdún púpọ̀ nídìí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń wá owó kíákíá ò bá lọ mú aláwàdà tí ojú ẹ̀ ti gbajúmọ̀ kí páálí lè tà, Kelani wá ẹni tí Yorùbá jinlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ ní tiẹ̀, ó jẹ́ kó jókòó kó máa sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. Tí àwọn oníbàárà mi bá dá kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà, kì í ṣe ìjà inú ẹ̀ ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi o, ọ̀rọ̀ Ọ̀pálábà ni, àwọn mìíì á tún ohùn ẹ̀ ṣe. Ẹ tún wo àwọn ọ̀dọ́ inú ẹ̀: Kabirat Kafidipe, tí Arápá wá di orúkọ fún títí dòní, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kunle Afolayan, ọmọ Ade Love ará Àgbámú ní Kwara ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Tá ò bá tíì mọ ojú ẹ̀ nígbà yẹn, ó dájú pé a mọ̀ ọ́n báyìí, òun náà ti di olùdarí. Ojú tí Kelani fi yan èèyàn yẹn, òṣèré ò lè yan ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń wò ó pé àwọn olùdarí tẹ́ ẹ máa ń yìn yìí, ojú kan náà ni wọ́n ń pè lójoojúmọ́. Tí fíìmù tuntun bá jáde, àwọn kan náà. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn, àbí owó ni ò sí? (Tíṣà kan, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá tíṣà, ojúsàájú wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń pe ọ̀rẹ́ tí ẹni tí ò lè ṣe é fi ń gba ipò ẹni tó lè ṣe é, mo ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i. Ṣùgbọ́n ti àwọn olórí kunkun tí mò ń wí yìí, àwọn tó ń dá ṣe fíìmù tiwọn láì sí iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró lóko. Ẹ ò kì í pe ẹni tẹ́ ẹ kàn rí lójú títì síbi àáró, ẹni tẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń gbé ọkọ́ lẹ ń pè, ẹni tí oòrùn bá mú tí kò ní sá lọ, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé lọ́la ẹ̀yin náà á dé oko tiẹ̀. Fíìmù tí kò sí owó ńlá lẹ́yìn ẹ̀, oko àáró ni.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ John Cassavetes. Òṣèré lòun náà, á lọ ṣeré nínú fíìmù àwọn iléeṣẹ́ ńlá, tó bá gbowó tán á kó o sínú fíìmù tiẹ̀ tẹ́nì kankan ò rán an. Faces tó gbé jáde ní 1968, inú ilé ara ẹ̀ ló ti ya èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ ṣe A Woman Under the Influence, èyí tó jáde ní 1974, ta ló fẹ́ nawó sórí ìtàn ìyàwó ilé kan tí ọpọlọ ẹ̀ ń dàrú, ló bá fi ilé ẹ̀ dúró, ó yáwó. Peter Falk tó ṣe ọkọ obìnrin yẹn kó owó tiẹ̀ náà sílẹ̀. Gena Rowlands tó ṣe ìyàwó, ìyàwó Cassavetes gan-an nílé nìyẹn. Ìyá Cassavetes ló ṣe ìyá ọkọ, ìyá Gena ló ṣe ìyá ìyàwó, ẹ ò rí i pé ó ku kí wọ́n pín ata! Wọ́n parí ẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e, àwọn fúnra wọn ló ń pe ilé sinimá kọ̀ọ̀kan lórí tẹlifóònù pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi hàn. Ìgbà tó yá, wọ́n fi orúkọ Gena àti ti ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar.

Kí ni wọ́n wá rí nínú bí wọ́n ṣe mọ ara wọn yẹn? Ibì kan wà tí obìnrin yẹn ti dé láti ọsibítù, ilé kún fún ẹbí, gbogbo wọn ń wò ó bóyá ara ẹ̀ ti yá, òun náà ò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Mo wò ó, ojú tì mí bíi pé mo yọjú lójú fèrèsé ilé onílé. Èèyàn ò lè ṣe irú ìyẹn níwájú àlejò. Ó ní láti dá a lójú pé ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ò ní fi òun ṣẹ̀sín, pé tóun bá ṣe é tí kò dáa, ẹni yẹn á sọ ọ́ nù láì jẹ́ kẹ́nì kan rí i.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa o. Bàbá wa Hubert Ogunde, tí wọ́n gbé Aiye jáde ní 1979, látayé ìtàgé làwọn ìyàwó ẹ̀ ti ń bá a ṣeré, wọ́n jọ ń rìn láti ìlú dé ìlú, inú ọkọ̀ kan náà. Tí wọ́n bá dórí ìtàgé, kò sídìí fún ká tún máa ṣàlàyé fún ara wa pé kí lo ní lọ́kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òṣèré tó bá ń tẹ̀ lé olùdarí kan ṣoṣo ò ní há síbẹ̀? (Òǹkàwé, Ọbajànà)

ÌDÁHÙN: Ó lè há. Ní Japan, Akira Kurosawa àti Toshiro Mifune jọ ṣe fíìmù 16 láàárín 1948 sí 1965, wọ́n sì pínyà lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn, wọn ò tún jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Mifune ṣì rí iṣẹ́ ṣe kárí ayé, Kurosawa náà ṣì ṣe fíìmù ńláńlá, àmọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ọ̀kan, ẹnu á ti mú ìkejì. Kí èèyàn há sí irú ibẹ̀ yẹn, èmi ò ní ké.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ọmọ ọdún 19 ni mí, mo fẹ́ ṣeré. Àwọn kan wá sí ìlú wa, wọ́n ní àwọn ń wá ojú tuntun fún dáírẹ́kítọ̀ ńlá kan, wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n tún gba owó pé ká fi rí ipa tó dáa. Látìgbà yẹn fóònù wọn ò lọ mọ́. Ṣé bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn? (Ọmọbìnrin kan, Mọ̀pà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rárá o. Pẹ̀lẹ́. Olè nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ fíìmù. Olùdarí tó mọ ohun tó ń ṣe, òun ló ń wá ẹ, torí ojú ẹ tàbí ohùn ẹ ló nílò, báwo ló ṣe máa wá ta ipa fún ẹ bí ẹní ta kòkó? Tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹ, o ti di oníbàárà ẹ̀ nìyẹn, kò sì ní lè sọ fún ẹ mọ́ pé ohun tó o ṣe ò dáa. Ẹgbẹ́ eré ilé ìwé, ẹgbẹ́ eré ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, níwájú èèyàn tó lè dìde kó lọ tí eré ẹ ò bá dùn. Sọ fáwọn òbí ẹ nípa owó yẹn, má dá a mú mọ́ra.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi, àwọn fíìmù tẹ́ ẹ pè ní ti àwọn tó ń dá ṣe tiwọn yìí, wọ́n máa ń fà, oorun ni wọ́n ń fún mi. Kò sí ìjà, kò sí babaláwo tó ń tutọ́ iná. Kí lẹ rí níbẹ̀? (Aláwàdà yín, Kàbbà)

ÌDÁHÙN: Mo mọ̀ ẹ́, ìwọ lo há kásẹ́ẹ̀tì mi mọ́lé fún oṣù mẹ́ta. Kò burú. Òmíì wà níbẹ̀ tó ń fà lóòótọ́, tí olùdarí ẹ̀ rò pé tóun bá ti jẹ́ kí òṣèré dákẹ́, ọgbọ́n ti dé nìyẹn. Èmi náà ti sùn nídìí irú ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ti October 1 fún ẹ, ti Kunle Afolayan, 2014. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan láti òkè Ọya ni wọ́n rán wá sí ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá ní 1960, òmìnira ku dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan sì ń pa àwọn ọmọbìnrin ìlú. Sadiq Daba ló ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn. Àwa àgbà mọ̀ ọ́n láti ìgbà Cockcrow at Dawn lórí NTA, àmọ́ ta ló ṣì ń pè é mọ́ nígbà yẹn? Olùdarí mìíì á ní bàbá yìí ò tà mọ́. Afolayan lọ pè é. Ó wá fi Kayode Olaiya, Aderupoko tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹlẹ́fẹ̀, ṣe sájẹ́ǹtì tó ń tẹ̀ lé e. Mo ń retí kí n rẹ́rìn-ín Aderupoko, ó dójú ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, sájẹ́ǹtì gidi ni mo rí, ọmọ Yorùbá tó ń tú èdè àti àṣà fún ọ̀gá tí kò gbọ́ ọ.

Ṣé o rí Daba yẹn, ojú ẹ̀ ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́. Á wo òkú, á wo ìwé, á tan sìgá, o máa mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti mọ nǹkan tí wọn ò ní jẹ́ kó sọ. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ wò ó, ọmọ tó jẹ́ pé tí fíìmù bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. NEPA mú iná lọ ní àárín méjì, a tan jẹnẹrétọ̀, epo tán, ọmọ yìí ló dìde fúnra ẹ̀ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rán an. Daba gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèré tó dáa jù ní AMVCA, ayẹyẹ tí wọ́n ti ń fún àwọn onífíìmù Áfíríkà lẹ́bùn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní 2021. Ká ní ẹnì kan ò ṣorí kunkun pé òun ló máa ṣe é, ibi ká rí i kẹ́yìn lórí NTA náà la ò bá wà.

Ohun kan náà ni Afolayan tún ṣe pẹ̀lú Kunle Remi nínú Aníkúlápó ní 2022. Fíìmù èèbó la mọ ọmọ yẹn mọ́, ó gbé e wọ aṣọ òfì, ó sọ ọ́ di Ṣàró. Àwọn kan ní Yorùbá ẹ̀ ò tíì dán tó, bóyá, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn lẹ́yìn tí agbára dé ọwọ́ ẹ̀ àti bó ṣe ń rìn kó tó dé. Ẹsẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Fídíò, orí fóònù ni mo ti ń gba fíìmù, ọ̀rẹ́ mi ló ń fi ránṣẹ́, mi ò san nǹkan kan. Ṣé mò ń ṣẹ̀ wọ́n ni? (Ọ̀dọ́ kan, Lọ́kọ́ja)

ÌDÁHÙN: O ń ṣẹ̀ wọ́n. Èmi náà sì ṣẹ̀ wọ́n ju ìwọ lọ, jẹ́ n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó kan ni mo máa ń rà, á di mẹ́rin kílẹ̀ tó mọ́. A ò kà á sí olè, òwò la pè é. Àfìgbà tí mo gbọ́ ìtàn Moses Olaiya, Bàbá Sàlà wa, ló tó yé mi. Ó kó owó ẹ̀ lé Orun Mooru tí Ola Balogun darí, 1982, àwọn kan jí i ṣe kásẹ́ẹ̀tì, ó kún ìgboro kó tó pawó ẹ̀ padà, bàbá wọ gbèsè tó sọ ọ́ dìdàkudà. Ọkùnrin tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín látorí tẹlifíṣọ̀n! Fíìmù iléeṣẹ́ ńlá, tí wọ́n bá jí i, iléeṣẹ́ náà á bínú. Ti ẹni tó fi ilé ẹ̀ dúró, tí wọ́n bá jí i, kò sí fíìmù mìíì nìyẹn. Èyí tí olùdarí fúnra ẹ̀ bá gbé sórí YouTube, wò ó níbẹ̀, èyí tó bá dé sinimá, san owó ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ máa ṣe fíìmù kéékèèké pẹ̀lú fóònù mi. Èdè Ògìdì, ìlú wa, ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ, ìyá bàbá mi ni mo sì fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló máa gbọ́, wọ́n ní màmá ò lè ṣeré. Ìyá náà sọ pé òun ò mọ eré ṣe, aṣọ híhun lòun mọ̀. (Ọmọ Ìjùmú)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí látàárọ̀.

Àbúrò, nínú fíìmù Yorùbá tó pọ̀, tí wọ́n bá jẹ́ kẹ́nì kan sọ èdè ìlú ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ fi pa. Maígàádì ni, àbí ará oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó. Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo àwa ọmọ Okun, a ò tíì di ẹni tó ń fẹ́ràn èèyàn tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀ lédè tiwa lójú kámẹ́rà, ó sì ń dùn mí. Ousmane Sembène ará Senegal bá irú ẹ̀ pàdé. Wọ́n bí i ní 1923, ó ti ṣe alárù létíkun ní Marseille, ó di òǹkọ̀wé ńlá lédè Faransé, ó wá rí i pé àwọn tóun ń kọ ọ́ nítorí wọn ò lè kà á, ló bá lọ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà nígbà tó ti ń sún mọ́ ọmọ ogójì ọdún. Mandabi tó ṣe ní 1968, Wolof ni wọ́n sọ nínú ẹ̀, àwọn tí kì í ṣe òṣèré sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 2004 tó ṣe Moolaadé ní Burkina Faso, Bambara ni wọ́n sọ. Gbogbo ayé wò ó, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ yé. Ta ló wá ní wọn ò ní gbọ́ Ògìdì?

Ti màmá, òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò mọ eré ṣe, ẹ má sì kọ́ wọn. Ní 2025, Akinola Davies Jr. gbé My Father's Shadow lọ sí Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá ilẹ̀ Faransé, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ àkójọ tí àjọ̀dún náà fúnra ẹ̀ yàn. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ṣe ọmọ òṣèré Sope Dirisu nínú ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe ń wo ara wọn yẹn, ó ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ohun tó ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́ màmá ni òfì. Ògìdì yẹn náà ni Nike Okundaye ti wá, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ẹ̀gbẹ́ yín ní Bùnú sì ni wọ́n ti máa ń hun aṣọ ìpo pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà látijọ́, ṣé olùdarí Èkó ló máa wá bá yín ya ìyẹn ni?

Jẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí òfì wọn ní àárọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Gbé fóònù lé nǹkan tí kò ní mì, má fọwọ́ gbé e. Pa fáànù, torí ìró ẹ̀ máa ń wọlé ju bó o ṣe rò lọ, kó o sì lé àwọn adìyẹ. Bi wọ́n ní nǹkan kan tí ìwọ fúnra ẹ ò mọ̀, irú bíi ta ló kọ́kọ́ fún wọn lówú, kó o wá dákẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn ti sọ tán, má tíì pa á.